Gbèsè Tí A Jẹ Eléré

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1949, ọkọ̀ ojú omi kan gbéra ní èbúté Èkó, ó forí lé Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Apapa ni orúkọ ọkọ̀ náà, ilé iṣẹ́ Elder Dempster ni ó sì ni ín. Lára àwọn èrò inú rẹ̀ ni agbábọ́ọ̀lù 18, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà kó jọ láti lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òkè òkun. Etim Henshaw, ọmọ ẹgbẹ́ Marine ti Èkó, ni olórí wọn. Teslim Balogun náà wà láàárín wọn, ẹni tí bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Thunder, èyí tí í ṣe Àrá. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, wọ́n kojú ẹgbẹ́ Marine ti Crosby lẹ́bàá Liverpool, wọ́n sì fi ayò 5 sí 2 borí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò wọ bàtà. Ìdíje 9 ni wọ́n gbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n borí nínú 2, wọ́n ta ọ̀mì nínú 2, wọ́n fìdí rẹmi nínú 5. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ ní oṣù Kẹwàá, wọ́n yà sí Freetown, wọ́n sì fi ayò 2 sí òdo borí Sierra Leone. Ìyẹn ni ìdíje àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá.

Bí a bá ń sọ ìtàn yìí, ẹsẹ̀ lásán tí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí. N kò sọ pé kò yẹ ní ìrántí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ni ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọdún mélòó kan: nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ padà sí Èkó, níbo ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ẹ wo orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí ó jẹ gàba lórí bọ́ọ̀lù Èkó ní àsìkò náà: Marine, Railway, P.W.D. Orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba ni gbogbo wọn. Marine ni ó ń bójú tó èbúté àti ọkọ̀ ojú omi. Òun ni ó sì kọ́kọ́ gba Ife Gómìnà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1945. Railway ni ó ń fi ojú irin kó ẹ̀pà, kòkó àti òwú wá sí etí omi ní Apapa. Òun náà gba ife yẹn léraléra. Ẹni tí ó ń kọ ìwé ẹrù ní òwúrọ̀ ni ó ń bọ́ sí pápá King George V ní Onikan ní ìrọ̀lẹ́. Thunder fúnra rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún Apapa Bombers, fún Marine, fún Railway, fún SCOA, fún ilé ìfowópamọ́ kan pẹ̀lú. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá yí padà, orúkọ agbanisíṣẹ́ ni ó yí padà.

Ìdajì òṣìṣẹ́, ìdajì eléré: irú ènìyàn yìí ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò. Ohun tí mo sì fẹ́ béèrè nìyí: kí ni ìlú jẹ ẹni tí ó ń fi ara rẹ̀ ṣe eré fún un? Ǹjẹ́ owó tí a fi ń bọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ owó iṣẹ́, àbí ìtọrẹ àánú, àbí owó èrú?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí èdè wa rí sí ọ̀rọ̀ náà. Yorùbá ya iṣẹ́ sọ́tọ̀, ó sì ya eré sọ́tọ̀. Bí a bá ní ẹnìkan ń fi iṣẹ́ ṣeré, a ń bá a wí ni. A máa ń sọ pé eré ni à ń fi ọmọ ayò ṣe, kí ẹni tí ó pa òpè má baà bínú kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe eré ọmọdé lábẹ́ òṣùpá, eré ìje, eré ìjàkadì, eré orí ìtàgé, àti eré tí onídùndún lọ ṣe ní òde ìyàwó. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí èyí tí àwọn baba wa sọ pé owó yóò sọ di àìmọ́. Eégún aláré ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń ṣe idán, ó ń kéwì, òǹwòran sì ń fún un lówó. Ọmọ Àyàn kò ní oko mìíràn ju ìlù rẹ̀ lọ. Bí ó bá lù ú dáradára, a ó lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ẹni tí a lẹ owó mọ́ kò tijú, ẹni tí ó lẹ̀ ẹ́ kò sì ní in lọ́kàn pé òun ń ṣàánú. Eré ni olùwòran rí, iṣẹ́ ni ẹni tí ó ń ṣe é mọ̀ ọ́n sí, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé òótọ́ ni ẹnì kejì ń sọ.

Ibòmíràn ni èrò pé owó ń ba eré jẹ́ ti wá. Àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé e kalẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí ilé àti ilẹ̀ bàbá wọn ń bọ́. Ẹni tí kò ní í pa iṣẹ́ kankan jẹ nítorí eré ni ó rọrùn fún láti sọ pé nítorí ìfẹ́ nìkan ni kí a máa ṣeré. Ọ̀rọ̀ yìí fa ìjà ńlá nínú eré rọ́gbì, eré bọ́ọ̀lù tí ó rí bí ẹyin, tí wọ́n ń gbé sáré lọ́wọ́. Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awakùsà àti òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ni ó ń gbá a. Bí wọ́n bá lọ gbá a ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kò béèrè ọrọ̀. Wọ́n ní kí a san owó iṣẹ́ tí àwọn pa jẹ padà fún àwọn. Àwọn aláṣẹ kọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1895, àwọn ẹgbẹ́ àríwá pàdé ní ilé ìtura kan ní Huddersfield, wọ́n sì ya kúrò. Ohun tí ó ti inú ìyapa náà jáde ni à ń pè ní rọ́gbì líìgì lónìí. Ṣílè 6 fún ọjọ́ kan ni òkè iye tí wọ́n kọ́kọ́ gbà kí a san fún eléré.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni ó kàn wá jù. Ní ọdún 1898, wọ́n gbà kí eléré máa gba owó eré ní gbangba, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin kan tì í lẹ́yìn: ó gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ gidi tí ó ń ṣe. Wọ́n ka àwọn iṣẹ́ kan tí wọn kò ní í gbà, irú èyí tí a lè fún ènìyàn kí ó kàn máa jókòó síbẹ̀. Ní ọdún 1905 ni wọ́n pa òfin yìí rẹ́. Ẹ ó rí i pé ẹ̀rù iṣẹ́ tí kì í ṣe iṣẹ́ ni ó bà wọ́n. Ní tiwa ní Apapa, iṣẹ́ irú rẹ̀ gan-an ni ó di ọ̀nà àbáyọ. Òyìnbó kọ́ wa pé kò yẹ kí a sanwó fún eré. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ń fẹ́ kí orúkọ wọn gba ife. Nítorí náà, wọ́n sanwó fún eré, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ ni àwọn sanwó fún.

Mo ní láti sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ ti ara mi. Ajegunle ni a ti tọ́ mi dàgbà. Ẹni tí ó bá ti Apapa bọ̀, tí ó ti fi àwọn ilé ìkẹ́rùsí àti ọgbà àwọn ọlọ́lá sílẹ̀, yóò dé ibi tí à ń pè ní Boundary, ìyẹn ààlà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ajegunle. Ajé ni ó gúnlẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Ibẹ̀ ni àwọn tí ó ń ru ẹrù èbúté ń sùn: Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò, Yorùbá òkè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tí a jọ ń gbé inú yàrá kan. Bùọ̀dá ni mo ń pè é, nítorí ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Ní ọdún 1984, ilé iṣẹ́ kan ní Apapa gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé nítorí ohun tí ó ń fi bọ́ọ̀lù ṣe lórí iyanrìn. Ìwé mẹ́wàá ni ó kà. Tábìlì rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé owó oṣù, ṣùgbọ́n bí aago mẹ́wàá bá ti lù, pápá ni ó ń lọ. Owó oṣù yẹn ni ó fi ra ìwé fún mi nígbà tí mo wọ yunifásítì ní ọdún 1988, òun náà ni ó fi san owó ibùgbé mi.

Nígbà ìsinmi ọdún kejì, mo padà wálé pẹ̀lú ìmọ̀ tí ó ti ń gun orí mi. A ti kọ́ wa ní ohun tí àwọn amòye sọ nípa ẹ̀tọ́ àti òdodo. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sọ fún Bùọ̀dá pé owó tí ó ń gbà kì í ṣe owó mímọ́, pé ó gba owó iṣẹ́ tí kò ṣe, pé akọ̀wé kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó ń ṣe tirẹ̀ mọ́ ti ara rẹ̀. Kò bínú. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú mi, ó sì fi àwọn àpá ojúgun rẹ̀ hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Àbúrò, èwo nínú ìwọ̀nyí ni kì í ṣe iṣẹ́?" Mo ní eré ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ sùn.

Kí ọdún náà tó parí, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún yẹ̀ nínú ìdíje kan. Ilé iṣẹ́ náà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fi í sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé fún bí ọdún kan àbọ̀. Nígbà tí wọ́n tú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ká, wọ́n ní kí òun náà máa lọ. Òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa, èyí tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1987, sọ pé agbanisíṣẹ́ yóò san owó fún ẹni tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bùọ̀dá kọ lẹ́tà. Èmi ni mo bá a tún un kọ. Èsì tí wọ́n fún un kò ju ìlà mẹ́ta lọ: akọ̀wé ni ìwé fi hàn pé ó jẹ́, kì í ṣe nídìí iṣẹ́ akọ̀wé ni ó ti fara pa, eré ni ó ń ṣe.

Mo ka lẹ́tà náà fún un, ojú sì tì mí. Ohun tí wọ́n kọ kò yàtọ̀ sí ohun tí mo sọ fún un ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ọgbọ́n ọmọ ilé ìwé; wọ́n fi í ṣe ìdí láti má san gbèsè. Nígbà tí ife ń wọlé, iṣẹ́ ni wọ́n pè é. Nígbà tí orúnkún yẹ̀, wọ́n pè é ní eré.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé ẹ̀tàn ni àdéhùn náà láti ìpìlẹ̀, àti pé Bùọ̀dá lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n. Akọ̀wé tí ó wà ní tábìlì kejì ní ẹjọ́ tí ó lè rò, ẹni tí ó kàwé iṣẹ́ akọ̀wé tí kò rí iṣẹ́ gbà náà sì ní tirẹ̀. N kò fẹ́ fi ìfẹ́ ẹbí bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tí irọ́ náà ṣe láǹfààní. Eléré kò ní kí wọ́n pe òun ní akọ̀wé. Bí wọ́n bá kọ agbábọ́ọ̀lù sí iwájú orúkọ rẹ̀, inú rẹ̀ ìbá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbanisíṣẹ́ ni irọ́ náà wúlò fún, nítorí ẹni tí ó bá ń gba owó lábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ kò lè fi orúkọ tirẹ̀ béèrè ẹ̀tọ́. Bí àbùkù bá wà nínú owó náà, ọwọ́ ẹni tí ó kọ ìwé ni ó ti kọ́kọ́ wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò gbọdọ̀ fi ìbínú ba rere ètò àtijọ́ jẹ́. Ohun kan wà nínú ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ tí ó dára, pàápàá ní àwọn ilé iṣẹ́ tí ó fi òótọ́ inú ṣe é. Ara eléré kì í pẹ́ gbó. Ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ nídìí eré ti dé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní tábìlì ní ọ́fíìsì lè kọ́ iṣẹ́ orí tábìlì náà díẹ̀díẹ̀, kí ó sì ti ibẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì. Ìyẹn ni ohun tí àsìkò Henshaw àti Thunder ní, tí àwọn tí ó dé lẹ́yìn kò fi bẹ́ẹ̀ ní mọ́.

Ní ọdún 1990, líìgì wa di ti eléré tí ń gba owó eré ní gbangba. Mo yọ̀ nígbà náà. Mo rò pé irọ́ ti parí. Lóòótọ́, orúkọ ti tọ́. Julius Berger, ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ kọ́lékọ́lé, gba líìgì ọdún 1991. Inú rẹ̀ ni Samson Siasia, Jonathan Akpoborie àti Emmanuel Amuneke ti kọjá lọ sí òkè òkun. Ajegunle kò lè gbàgbé orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akpoborie gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n nígbà tí àwọn ọmọ wa borí Jámánì Ìwọ̀ Oòrùn ní Ṣáínà ní ọdún 1985. Amuneke gbá méjèèjì wọlé ní Tunis ní ọdún 1994, tí a fi gba ife Áfíríkà. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní pápá Maracana ní Ajegunle, tí wọ́n fi orúkọ pápá ńlá Rio de Janeiro pè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ti sáré lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí. Odion Ighalo, tí wọ́n bí sí Ajegunle ní ọdún 1989, ti ibẹ̀ dé Manchester United ní ọdún 2020.

Ṣùgbọ́n fún ọ̀kan tí ó dé Manchester, mélòó ni ó padà sí Boundary pẹ̀lú orúnkún Bùọ̀dá? Àwọn wọ̀nyí kò ní tábìlì, wọn kò ní ìwé owó oṣù, wọn kò sì ní ẹni tí wọn yóò kọ lẹ́tà sí. Ilé iṣẹ́ tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lè tú u ká ní ọjọ́ tí ó bá wù ú. Leventis United ti Ìbàdàn gba líìgì ní ọdún 1986. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ tí ó ni ín yọwọ́, ẹgbẹ́ náà sì parẹ́. A ti sọ eré di iṣẹ́ nínú òfin, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ iṣẹ́ di iṣẹ́, èyí tí í ṣe ìdánilójú pé a kò ní í lé ọ dànù pẹ̀lú ọgbẹ́ rẹ, ni a kò fi kún un.

Ẹ wo bí a ti ṣe sí Thunder. Ó lọ sí Peterborough ní ọdún 1955, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers lẹ́yìn ìyẹn, ó padà wálé, ó sì di olùkọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ó kú ní oṣù Keje ọdún 1972. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá ìṣeré kan ní Surulere ní ọdún 1984 tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí i. Ọdún 35 ti kọjá lórí sàréè rẹ̀. Inú mi dùn sí pápá náà, nítorí bí a bá perí akọni, ó yẹ kí a fi idà lalẹ̀. Síbẹ̀ a mọ̀ pé orúkọ tí a kọ sára ògiri kì í bọ́ ẹni tí ó wà láàyè.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ti yí padà láti alẹ́ tí mo bá Bùọ̀dá sọ̀rọ̀. Mo gbà nísinsìnyí pé gbèsè mẹ́ta ni a jẹ eléré. Èkíní ni owó, èyí tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà báyìí pé ó tọ́ sí i. Èkejì ni orúkọ òtítọ́: kí a pe ohun tí ó ṣe ní ohun tí ó ń jẹ́, ní ọjọ́ ayọ̀ àti ní ọjọ́ ìpalára. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Àwa tí a wòran, tí a pariwo títí ohùn fi há, tí a sùn pẹ̀lú ẹ̀rín ní alẹ́ ọjọ́ náà, a ti jẹ nínú ara rẹ̀. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìlú tí ó bá jẹ eléré tán láìfi nǹkan sílẹ̀ fún un yóò ṣàwárí ní ọjọ́ kan pé àwọn òbí kò ní í jẹ́ kí ọmọ wọn jáde lọ sórí iyanrìn mọ́.

Bùọ̀dá ṣì wà láàyè. Ó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní iwájú ilé kan nítòsí Boundary, ó sì ń tiro díẹ̀. Ní ọdún tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé, mo mú ìwé mi lọ fi hàn án. Ó ṣí i, ó ka orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀, ó ní, "Lára ohun tí mo gbá bọ́ọ̀lù fún nìyí." Mo tọrọ àforíjì fún ohun tí mo sọ ní ọdún 1989. Ó ní òun ti gbàgbé. N kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.